Bí ilẹ̀ Faransé ṣe di ọlọ́jà oge gbogbo ayé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Yorùbá ló pa òwe náà, ṣùgbọ́n ìjọba Faransé ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ pawó. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí máa ń jẹ yọ nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ Dior, Chanel tàbí báàgì Louis Vuitton bá ti délẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ ni mo fìdí kalẹ̀ sí. Ibi tí kò bá ti pọ̀, mo fò ó.

Ṣé bí wọ́n ṣe bí àwọn Faransé ni wọ́n ti mọ oge ṣe?

Rárá o. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, tí ọlọ́lá kan ní Yúróòpù bá fẹ́ múra, ilẹ̀ Sípéènì ló ń wò: aṣọ dúdú kirikiri, kọ́là funfun tó le gbagidi tó yí ọrùn ká. Aṣọ sẹ́dà ń ti Ítálì wá. Léèsì àti jígí ńlá ń ti Venice wá. Iṣẹ́ ti àwọn Faransé ni kí wọ́n ṣáà máa kówó jáde.

Ọba François Kìíní gbìyànjú láti dá owó náà dúró sílé. Ní 1536 ó fún oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Étienne Turquet láṣẹ pé kí ó kó àwọn ahunṣọ wá láti Ítálì sí ìlú Lyon, kí wọ́n máa hun sẹ́dà níbẹ̀. Lyon gba iṣẹ́ náà mọ́ra títí ó fi di ìlú sẹ́dà. Síbẹ̀, oge ṣì wà lọ́wọ́ Sípéènì fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sí i.

Ta ló wá gbà á lọ́wọ́ Sípéènì?

Ọba Louis Kẹrìnlá ni, pẹ̀lú mínísítà rẹ̀ Jean-Baptiste Colbert. Ìdílé oníṣòwò aṣọ ní ìlú Reims ni Colbert ti jáde wá, nítorí náà ó mọ ohun tó wà nídìí ọjà. Ó rí i pé wúrà àti fàdákà ìlú ń bá aṣọ lọ sókè òkun. Àwọn ọba tó ti jẹ ṣáájú ti ṣòfin títí pé kí àwọn èèyàn dín ṣe-ká-rí-mi kù, kò sẹ́ni tó gbọ́. Colbert ní kí wọ́n máa ṣe fáàrí wọn lọ, ṣùgbọ́n kí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é jẹ́ àmúṣe ilé.

Ní ọdún 1665 nìkan, wọ́n dá iṣẹ́ léèsì sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ ọba ní Alençon àti àwọn ìlú mìíràn, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ jígí ti ọba sílẹ̀, èyí tó ṣì wà títí dòní tó ń jẹ́ Saint-Gobain. Ta ló mọ iṣẹ́ náà láti kọ́ wọn? Àwọn ará Venice ni. Àwọn aṣojú Colbert bá lọ ń fa àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Venice lójú mọ́ra ní kọ̀rọ̀, wọ́n fi owó ńlá tàn wọ́n wá. Venice gbaná jẹ, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lábẹ́ òfin wọn kí ẹnikẹ́ni gbé àṣírí iṣẹ́ jígí kúrò nílùú. Ká má fi dẹ́nu pọ́nni, olè jíjà ni, ọ̀gá olè ló sì jà á. Ní 1667 Colbert tún gbé owó ibodè lé ọjà òkèèrè lórí, ó ga fíofío. Ó kọ òfin nípa ìbú aṣọ àti bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ pa á láró, ó sì yan àwọn alábòójútó tó ń lọ káàkiri láti wọn aṣọ wò. Èyí tí kò bá péye, ó di ọ̀ràn.

Ti ọba ni kí ó wọ aṣọ náà, kí ó sì mú kí àwọn ọlọ́lá wọ̀ ọ́. Ní àwọn ọdún 1660, Louis dá kóòtù aláwọ̀ búlúù kan sílẹ̀ tí wọ́n fi wúrà ṣe iṣẹ́ ọnà sí lára, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba. Àwọn tó gbà á kò ju bíi ẹni àádọ́ta lọ. Àwọn ọlọ́lá ń bẹ̀bẹ̀ nítorí kóòtù! Ẹni tó bá mọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn jẹ́ fún ìjòyè nílẹ̀ wa kò ní bi mí pé kí ló fà á. Nígbà tí àfin kó lọ sí Versailles ní 1682, ẹni tó bá fẹ́ ojú rere ọba gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nínú aṣọ èṣí. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ gbèsè aṣọ. Ní 1684 wọ́n parí Gbọ̀ngàn Jígí, jígí 357 ló wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Colbert ló sì ṣe wọ́n. Ọ̀pọ̀ aṣojú ọba ilẹ̀ òkèèrè tó bá wọlé, iwájú wọn ló ń gbà kọjá. Lójú tèmi, ṣọ́ọ̀bù ni gbọ̀ngàn yẹn.

Láyé ìgbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, báwo ni ará ìlú mìíràn ṣe ń mọ ohun tó wà lóde ní Paris?

Ọmọláńgidi ni. Wọ́n á rán aṣọ tó lòde sí i lọ́rùn láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí London àti sí àwọn àfin Yúróòpù, kí àwọn aránṣọ ibẹ̀ lè wò ó rán.

Ìwé ìròyìn náà sì wà. Jean Donneau de Visé dá Mercure galant sílẹ̀ ní 1672, nígbà tó sì di 1678 ó ń tẹ àwòrán aṣọ jáde nínú rẹ̀. Ó ń sọ aṣọ tó bá ìgbà òtútù mu àti èyí tó bá ìgbà ooru mu. Ẹ fara balẹ̀ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Aṣọ tí o rà kò tíì gbó, kò ya, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún ọ pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Títí di òní olónìí, orí ọgbọ́n yẹn ni òwò náà dúró lé.

Ta ló ń rán aṣọ wọ̀nyí gan-an?

Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin aránṣọ ló ní àṣẹ, tí wọ́n sì ń lé àwọn obìnrin tó bá ń ránṣọ ní ìkọ̀kọ̀ kiri. Ní 1675 Louis Kẹrìnlá fọwọ́ sí i pé kí àwọn obìnrin aránṣọ ní ẹgbẹ́ tiwọn ní Paris. Orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n, couturière, ni ọ̀rọ̀ couture tí gbogbo ayé ń pè lónìí bá tan.

Nígbà tó yá, irú oníṣòwò mìíràn jáde, àwọn tó ń fi rìbọ́nù, ìyẹ́, léèsì àti fìlà ṣe aṣọ tí ẹlòmíràn rán lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀gá wọn ni Rose Bertin, tó ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Le Grand Mogol ní òpópónà Saint-Honoré. Kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá rárá, síbẹ̀ ó ń wọlé tọ Ayaba Marie-Antoinette lọ ní Versailles déédéé, àwọn èèyàn sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé mínísítà ètò oge ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ tiwọn dìde ní 1776, òun ni wọ́n fi ṣe olórí àkọ́kọ́.

Ayaba yìí náà ló fojú rí i ní 1783. Élisabeth Vigée Le Brun ya àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ òwú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, wọ́n gbé e síbi ìpàtẹ àwòrán, ni ìlú bá hó yèè. Àwọn kan ní àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni ayaba wọ̀ síta. Àwọn mìíràn ní ó fẹ́ pa àwọn ahunṣọ Lyon lẹ́kún, ó fi sẹ́dà ilé sílẹ̀, ó ń wọ òwú òkèèrè. Wọ́n sáré gbé àwòrán náà kúrò. Ìjọba tó bá fi aṣọ ṣe ọ̀rọ̀ ìlú, ìlú á bá ayaba rẹ̀ jà lórí aṣọ.

Owó wo ni wọ́n fi ń ra gbogbo rẹ̀?

Púpọ̀ jẹ́ owó orí àwọn tálákà àti owó ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa oge kì í fẹ́ fẹnu kàn, ó sì kàn wá.

Saint-Domingue, tí a ń pè ní Háítì lónìí, ni ilẹ̀ amúnisìn tó ń mówó wọlé jù fún Faransé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ṣúgà, kọfí, òwú àti aró ń ti ibẹ̀ wá. Àwọn ẹrú láti Áfíríkà ló ń ṣe é, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nago, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá, sì wà lára wọn. Ògún ṣì wà nínú ẹ̀sìn àwọn ará Háítì títí di òní. Àwọn tó ti ilẹ̀ ẹlẹ́lùú wá ni wọ́n fi ń ṣe aró fún ẹlòmíràn.

Aṣọ gan-an tún wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra ènìyàn. Aṣọ òwú aláràbarà tí wọ́n kọ́ láti Íńdíà, indienne ni wọ́n ń pè é. Láti 1686 títí di 1759, ìjọba fòfin dè é kí ó má baà ṣèdíwọ́ fún sẹ́dà àti aṣọ onírun àgùntàn ilé. Nígbà tí wọ́n tú òfin ká, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ rú yọ. Èyí tó lókìkí jù ni ti Oberkampf ní Jouy-en-Josas, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1760. Ní Nantes, tó jẹ́ ìlú èbúté òwò ẹrú, wọ́n ń tẹ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún ọjà etíkun Áfíríkà. Àwọn Faransé ní ilé odi ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní. Aṣọ á dé, ènìyàn á lọ.

Ṣé rògbòdìyàn 1789, tí ìlú fi dìde sí ọba àti àwọn ọlọ́lá, kò pa òwò náà?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àwọn oníbàárà sá, wọ́n bẹ́ orí àwọn mìíràn, wọ́n tú gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ká ní 1791, Rose Bertin fúnra rẹ̀ sá lọ sí London. Napoléon ló jí i dìde, ó ní sẹ́dà Lyon ni kí wọ́n fi ṣe àwọn àfin òun lọ́ṣọ̀ọ́.

Lyon náà ni Joseph-Marie Jacquard ti gbé òfì kan jáde ní àwọn ọdún 1800, tó ń fi páálí oníhò darí ọnà tí wọ́n ń hun sára aṣọ. Ọ̀pọ̀ gbà pé láti ara páálí oníhò yìí ni ìrònú tó bí kọ̀ǹpútà ti ṣẹ̀. Àwọn ahunṣọ ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní canut, kò jèrè tó. Ní 1831 wọ́n bá àwọn oníṣòwò ṣàdéhùn iye tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa san fún wọn, àwọn oníṣòwò kan yẹ̀ ẹ́, ni wọ́n bá gbé àsíá dúdú tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí pé kí àwọn fi iṣẹ́ jẹun tàbí kí àwọn kú sójú ìjà. Wọ́n gba ìlú fún ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun tó dé. Wọ́n tún dìde ní 1834, ẹ̀jẹ̀ tún ṣàn. Tí ẹ bá dé ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹ rí aṣọ sẹ́dà Lyon tó ń dán gbinrin, ẹ rántí wọn.

Ta ló dá ohun tí wọ́n ń pè ní haute couture, ìyẹn aṣọ olówó ńlá tí wọ́n ń rán bá ara oníbàárà mu, sílẹ̀?

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Charles Frederick Worth, tí wọ́n bí ní 1825 ní ìlú Bourne, dé Paris nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, ó sì ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Gagelin. Ní 1858 òun àti ọmọ Swídìn kan tó ń jẹ́ Bobergh ṣí ilé tiwọn ní òpópónà la Paix.

Kí Worth tó dé, oníbàárà ló ń pàṣẹ. Á ra aṣọ fúnra rẹ̀, á gbé e lọ bá aránṣọ, á ní báyìí báyìí ni kó o rán an, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe pẹ̀lú télọ̀ títí di báyìí. Worth yí i padà. Òun ló ń ro aṣọ náà ṣáájú, á rán àpẹẹrẹ, àwọn ọmọbìnrin á wọ̀ ọ́ rìn níwájú oníbàárà, ìyàwó rẹ̀ Marie ló sì kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìwọ ní tìrẹ, mú ọ̀kan, wọn á sì rán an bá ara rẹ mu. Ó wá rán orúkọ ara rẹ̀ mọ́ inú aṣọ bí ayàwòrán ṣe ń kọ orúkọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ ni wọ́n ń tà. Aṣọ ló ń gbé orúkọ náà rìn.

Ọmọ ọlọ́lá ilẹ̀ Ọ́síríà kan, Pauline von Metternich, wọ aṣọ Worth dé àfin, Eugénie aya Napoléon Kẹta rí i, ó sì béèrè ẹni tó rán an. Ó tán. Àwọn ìyàwó olówó Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí wọkọ̀ ojú omi wá rán aṣọ. Ní 1868 ẹgbẹ́ àwọn olóríṣọ́ọ̀bù aránṣọ dìde, òun ni ìyá ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso ọ̀sẹ̀ oge Paris lónìí.

Kí ló kan àwọn oníbáàgì àti oníṣẹ́ awọ nínú ọ̀rọ̀ aṣọ?

Ìrìn àjò ni. Thierry Hermès bẹ̀rẹ̀ ní 1837, ìjánu àti ohun èlò ẹṣin ló ń ṣe. Louis Vuitton, ọmọ abúlé kan ní agbègbè Jura tó fẹsẹ̀ rìn dé Paris, ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní 1854. Àpótí ìrìnnà olórí pẹrẹsẹ tó ṣeé tò léra wọn nínú ọkọ̀ ojú irin ló fi gbajúmọ̀. Àmì L àti V tó wà lára báàgì wọn, ọmọ rẹ̀ Georges ló gbé e jáde ní 1896 kí àwọn ayédèrú lè dẹ́kun. Ẹni tó bá ti ná ọjà Balógun rí á rẹ́rìn-ín.

Tí aṣọ bá wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí olùrà rẹ̀ kò sì pọ̀, kí ló ń mówó wọlé?

Lọ́fínńdà, nígbà náà àti nísinsìnyí. Paul Poiret, ẹni tó ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ láti bọ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, dá ilé lọ́fínńdà sílẹ̀ ní 1911, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ rẹ̀, Rosine, ló fi pè é. Coco Chanel ló fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ìgò. Fìlà ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Paris ní 1910. Ó wá mú jersey, aṣọ tí wọ́n fi ń rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ ọkùnrin, ó fi rán aṣọ òde fún obìnrin. Ní 1921 ó gbé Chanel No 5 jáde, Ernest Beaux ló pò ó fún un. Nígbà tó di 1924, ìdílé Wertheimer ló ní ìpín tó pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ lọ́fínńdà náà, Chanel sì bá wọn fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdílé yẹn ló ni gbogbo ilé Chanel lónìí. Obìnrin tí kò lè ra bọ́tìnnì kan lára aṣọ Chanel lè ra ìgò kékeré kan.

Ogun Àgbáyé Kejì ńkọ́?

Àwọn Jámánì gba Paris ní 1940, wọ́n fẹ́ kó gbogbo iṣẹ́ náà lọ sí Berlin àti Vienna. Lucien Lelong, olórí ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ, ṣàlàyé fún wọn pé kò ṣeé gbé. Aránṣọ kan nìkan kọ́ ló ń ṣe aṣọ: oníbọ́tìnnì, oníyẹ̀ẹ́, oníṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kéékèèké tó wà ní kọ̀rọ̀ Paris ló para pọ̀ ṣe é. Ó borí wọn.

Ogun parí, ebi wà nílùú, aṣọ kò sí. Nínú ọ̀dá yẹn ni Christian Dior, tí Marcel Boussac olówó òwú gbé owó kalẹ̀ fún, ṣí aṣọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1947: ìbàdí há, yẹ̀rì fẹ̀, aṣọ ọ̀pá rẹpẹtẹ lórí ẹnì kan ṣoṣo. Carmel Snow, olóòtú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan, pè é ní New Look. Inú bí àwọn kan sí ìfiṣòfò yìí, àwọn olùrà Amẹ́ríkà sì ń tò lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣé ẹnikẹ́ni lè pe aṣọ tirẹ̀ ní haute couture?

Kò lè ṣe é ní Faransé. Láti 1945 ni orúkọ náà ti wà lábẹ́ òfin. Ó gbọ́dọ̀ ní ilé iṣẹ́ ní Paris, ó gbọ́dọ̀ ní iye òṣìṣẹ́ tí òfin là sílẹ̀, kí ó sì máa fi aṣọ tuntun hàn ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kìíní àti oṣù Keje.

Ta ló ni àwọn ilé ńláńlá yìí báyìí?

Bernard Arnault gba ilé iṣẹ́ Boussac tó ń kú lọ ní 1984 nítorí pé Dior wà nínú rẹ̀. LVMH dìde ní 1987 nígbà tí Louis Vuitton dà pọ̀ mọ́ ilé ọtí Moët Hennessy, kò sì pẹ́ tí Arnault fi gba àkóso rẹ̀. Ìdílé Pinault ló ní ìpín tó pọ̀ jù nínú Kering, ilé iṣẹ́ tó ni Gucci àti Saint Laurent. Àwọn ọmọ Hermès ṣì di tiwọn mú, lẹ́yìn tí wọ́n bá LVMH ja ìjà ńlá kan tó parí ní 2014. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ti ro aṣọ náà kì í sì í ṣe Faransé: Karl Lagerfeld, ọmọ Jámánì, tó wà ní Chanel títí ó fi kú ní 2019, àti Virgil Abloh, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Gánà, tó wà ní Louis Vuitton títí ó fi kú ní 2021.

Aṣọ tiwa ti dé ibẹ̀ bí?

Ó ti dé. Kenneth Ize, tí wọ́n bí ní Èkó tó sì dàgbà ní Ọ́síríà, wà lára àwọn tó dé ìpele àṣekágbá ìdíje LVMH ní 2019. Ní oṣù Kejì 2020 ó gbé aṣọ-òkè lọ sí ọ̀sẹ̀ oge Paris, Naomi Campbell sì wọ ọ̀kan nínú rẹ̀ rìn.

Léèsì tí a ń wọ̀ lọ sóde àríyá, ṣé ti Faransé ni?

Èyí tó pọ̀ jù kọ́. Èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní léèsì gidi, láti agbègbè Vorarlberg ní Ọ́síríà àti St. Gallen ní Switzerland ló ti wá; ẹ̀rọ ló ń fi òwú ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe ní Faransé ń ti Calais àti Caudry wá.

Èyí tí Colbert torí rẹ̀ fa ará Venice lójú mọ́ra ṣì wà ní Alençon. Abẹ́rẹ́ àti òwú lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóròó ń gbà tó wákàtí méje, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dójú àmì á kọ́ ọ fún ọdún 7 sí 10. Kò sí oníṣòwò tó lè jèrè nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin díẹ̀ ló jókòó tì í níbẹ̀, ìjọba Faransé ló sì ń san owó oṣù wọn.